Ìtàn Àwọn Ilé Sinimá Àtijọ́ ní Ìbàdàn

Púpọ̀ nínú ohun tí a ti kọ nípa ìlú Ìbàdàn jẹ́ ti ogun àti ti oyè. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí Olóògbé Isaac Babalọlá Akínyẹlé tẹ̀ jáde ní ọdún 1911, nígbà tí ó kù ọdún púpọ̀ kí ó tó jẹ Olúbàdàn, ni aṣáájú irú ìwé bẹ́ẹ̀, a kò sì lè dúpẹ́ rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ìlú kì í ṣe ti jagunjagun àti ìjòyè nìkan. Ibi tí àwọn ènìyàn gbé ń péjọ ní ìrọ̀lẹ́ láti rẹ́rìn-ín àti láti sọkún pọ̀ jẹ́ apá kan nínú ìtàn pẹ̀lú, irú ibẹ̀ sì ni ilé sinimá. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ wádìí níhìn-ín bí àwọn ilé wọ̀nyí ti dé, ohun tí wọ́n ṣe láàárín wa, àti ohun tí ó mú wọn lọ.

BÍ SINIMÁ TI DÉ ILẸ̀ WA

Ní oṣù August ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn hàn ní ilẹ̀ yìí. Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ni a gbé ṣe é. Balboa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, oníṣòwò láti ìlú Barcelona ní ilẹ̀ Spain, ni ó gbé ẹ̀rọ náà wá. Nígbà tí wọ́n lọ tán, òyìnbó oníṣòwò kan, Stanley Jones, tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà ní gbọ̀ngàn kan náà. Ní ọdún 1904 Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí ìlú Òyìnbó láti kí Ọba Edward Keje, a sì fi àwòrán ìrìn àjò náà han àwọn ará Èkó. Ó yẹ kí á ṣàkíyèsí èyí: kò pé ọdún méjì tí sinimá dé tí àwọn ènìyàn wa fi rí ọba tiwọn lórí aṣọ funfun.

Ìjọba pẹ̀lú tètè mọ agbára ohun titun yìí. William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera ní Èkó, lo sinimá láti kọ́ àwọn ará ìlú nípa eku tí ń gbé àjàkálẹ̀ àrùn kiri. Ní ọdún 1939, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, a dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní London, Sellers sì di olórí níbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ ni ọkọ̀ sinimá ń lọ láti ìlú dé ìlú. A ó ta aṣọ funfun sí gbangba ọjà tàbí ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ iná a máa hó, ògbufọ̀ a sì máa ṣàlàyé ohun gbogbo ní èdè ìlú. Kò sí owó tí a ń san. Lọ́nà báyìí ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ṣe kọ́kọ́ rí sinimá.

ÀWỌN ILÉ SINIMÁ ÌBÀDÀN

Ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ìtajà àwọn òyìnbó dìde ní Gbági àti ní Dùgbẹ̀, tí Èkótẹ̀dó sì kún fún akọ̀wé, òṣìṣẹ́ réluwé àti oníṣọ̀nà tí wọ́n ti ibòmíràn wá. Àwọn wọ̀nyí kò ní agbo ilé ní Ìbàdàn tí wọn ó jókòó sí ní alẹ́ láti pa àlọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní owó oṣù lọ́wọ́. Fún irú wọn ni ilé sinimá ṣe yẹ, ní apá ìlú titun yìí ni a sì kọ́ púpọ̀ nínú wọn sí. Orúkọ Scala, Rex, Odeon àti Queen kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó dàgbà ní Ìbàdàn ní àkókò náà. Àwọn ará Lẹ́bánónì ni ó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sinimá ní ilẹ̀ wa nígbà náà.

Ẹni tí owó rẹ̀ kéré a jókòó lórí bẹ́ńṣì ní iwájú, lẹ́bàá ògiri tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀. Ẹni tí ó san jù bẹ́ẹ̀ lọ a jókòó lórí àga ní ẹ̀yìn. Fíìmù àwọn darandaran Amẹ́ríkà tí ń yìnbọn lórí ẹṣin, fíìmù Íńdíà, àti lẹ́yìn náà fíìmù àwọn oníjà ilẹ̀ Ṣáínà, ni wọ́n ń wò. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè Íńdíà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ìtàn náà rú lójú. Ẹni tí ó ti wò ó rí a máa fi ohùn òkè sọ ohun tí ń bọ̀, àwọn yòókù a sì máa kìlọ̀ fún akọni pé ọ̀tá wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí ráhùn pé àwọn ọmọ ń pẹ́ níta, wọ́n sì ń kọ́ ìwà jàgídíjàgan. Ìráhùn náà kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú ni ọmọ iṣẹ́ àti akọ̀wé gbé ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ òrùlé kan.

NÍGBÀ TÍ A GBỌ́ YORÙBÁ LÁRA ÒGIRI

Ìgbà tí ó dùn jù nínú ìtàn yìí ti ọwọ́ àwọn eléré wa wá, gbòǹgbò rẹ̀ sì kan ìjọ Ọlọ́run. Ní oṣù June ọdún 1944, Hubert Ògúndé ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Church of the Lord ti Ebute Metta. Gbọ̀ngàn Glover, níbi tí sinimá ti bẹ̀rẹ̀ ní 1903, ni ó gbé ṣe é. Láti inú irú eré ìjọ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ eléré alárìnkiri ti jáde.

Ní ọdún 1970 a fi Kongi's Harvest, eré Wọlé Ṣóyínká, ṣe fíìmù; Francis Ọládélé ni ó ṣe kòkáárí rẹ̀. Ní 1976 ni Àjàní Ògún jáde, tí Ọlá Balógun darí, tí Adéyẹmí Afọláyan àti Dúró Ládiípọ̀ sì ṣeré nínú rẹ̀. Èdè Yorùbá ni a fi ṣe é. Ògúndé tẹ̀lé e pẹ̀lú Ayé ní 1979, Jáyésinmi ní 1980, àti Àròpin N Tènìyàn ní 1982. Àwọn ènìyàn tò láti wọlé, àti ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Baba Sàlá, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Ṣùgbọ́n àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri, baba náà sì wọ gbèsè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí ó ṣe Baba Sàlá ni ó padà ṣe àwọn ilé sinimá.

OHUN TÍ Ó PA WỌ́N

Àwọn kan a máa wí pé tẹlifíṣọ̀n ni ó pa ilé sinimá. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní Ìbàdàn níhìn-ín ni tẹlifíṣọ̀n Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù October 1959. Bí ó bá ṣe pé òun ni apani, ilé sinimá ì bá ti kú kí ọdún 1970 tó dé. Ṣùgbọ́n ní 1980 wọ́n ṣì ń kún fún fíìmù Ògúndé. Nítorí náà a ní láti wá ìdí mìíràn.

Èkíní, òfin ọdún 1972 fi òwò ilé sinimá sí ọwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òkè òkun ni fíìmù àti ohun èlò ẹ̀rọ ṣì ti ń wá. Ilé di tiwa. Ohun tí a ó fi hàn nínú rẹ̀ kò di tiwa. Èkejì, láti 1986 ni iye náírà ti lọ sílẹ̀ púpọ̀púpọ̀. Fíìmù àjèjì wọ́n ju agbára lọ, bẹ́ẹ̀ ni fíìmù Yorùbá pẹ̀lú, nítorí òkè òkun ni a ti ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, kásẹ́ẹ̀tì fídíò wọ inú ilé. Nígbà tí Living in Bondage jáde ní 1992, àwọn tí ń ṣe fíìmù rí i pé àwọn lè jẹun láìsí ilé sinimá. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀rù adigunjalè mú kí àwọn ènìyàn máa ti ilẹ̀kùn wọn ní ìrọ̀lẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ti wà tipẹ́. Nígbà tí àwọn mẹ́rin wọ̀nyí pàdé ni àga ṣófo.

OHUN TÍ Ó ṢẸ́ KÙ

Káàkiri ilẹ̀ wa, àwọn kan nínú ilé wọ̀nyí di ilé ìkẹ́rù, àwọn mìíràn di ṣọ́ọ̀bù, a wó àwọn mìíràn, ọ̀pọ̀ sì di ilé ìjọsìn. Nígbà mìíràn orúkọ nìkan ni ó kù. Ní Agége, Pen Cinema di orúkọ oríta, afárá tí a ṣí níbẹ̀ ní 2021 sì ń jẹ́ orúkọ náà. Ní Èkótẹ̀dó bákan náà, Queen Cinema di orúkọ àdúgbò. Ọ̀dọ́ tí ń sọ fún awakọ̀ pé ibẹ̀ ni òun ń lọ lè má mọ̀ pé a wo àwòrán níbẹ̀ rí.

Lóòótọ́, sinimá ti padà. Ní 2004 ni Silverbird ṣí tirẹ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn náà ni a ṣí òmíràn ní Dùgbẹ̀, lẹ́bàá Ilé Kòkó tí a parí ní 1965. Ní 2024, A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe di fíìmù Nàìjíríà kìíní tí ó pa bílíọ̀nù náírà kan ní ilé sinimá. A yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n inú ọjà ńlá olówó ni àwọn ilé titun wọ̀nyí wà, kò sì sí bẹ́ńṣì iwájú nínú wọn fún ọmọ iṣẹ́. Ohun tí ó padà kì í ṣe gbogbo ohun tí ó lọ.

Nítorí náà a ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Àwọn ìjọ wa ti mọ bí a ti ń kọ orúkọ ẹni tí a rì bọmi àti ẹni tí a gbé níyàwó sínú ìwé. Ìjọ tí ó bá ń sìn nínú ilé sinimá àtijọ́, kí ó ya àwòrán rẹ̀ kí ó tó wó ògiri, kí ó sì kọ ọdún tí ó rà á àti orúkọ tí ilé náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ pẹ̀lú rán àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sí ẹni tí ó ti ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó ti yí ẹ̀rọ, àti ẹni tí ó ti jókòó lórí bẹ́ńṣì, kí wọ́n bi wọ́n léèrè. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti ń darúgbó, ìwé wọn kò sì sí níbìkan.