Ẹrù Ẹ̀rí àti Owó Gbà-má-bínú: Àwọn Ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà tí Àrùn Jẹjẹrẹ Kọlù, 1962–2022

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni òfin owó gbà-má-bínú fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà tí jẹjẹrẹ kọlù lẹ́yìn ogun. Èrò wa ni pé kì í ṣe iye owó ni gbòǹgbò àríyànjiyàn náà, bí kò ṣe ẹni tí yóò ru ẹrù ẹ̀rí.

Ọgbẹ́ ìbọn kò ṣòro láti fi hàn. Jẹjẹrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè ba sínú ara fún ogún ọdún kí ó tó yọjú. Láti 1962 sí 1971, àwọn ológun Amẹ́ríkà da oògùn tí ń pa igbó, tí ó ju mílíọ̀nù 70 lítà lọ, sórí ilẹ̀ Vietnam. Agent Orange, tí májèlé dioxin wà nínú rẹ̀, ni ó pọ̀ jù. Nígbà tí àwọn ajagunfẹ̀yìntì béèrè owó, ìjọba ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé oògùn náà ni ó fa àìsàn wọn.

Ilé ẹjọ́ kò ṣe é sá di. Ìdájọ́ Feres ti 1950 kò gba ológun láyè láti pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí ìpalára ẹnu iṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ tí ó po oògùn náà ni wọ́n wá pè lẹ́jọ́. Ní 1984, àwọn yẹn gbà láti san mílíọ̀nù 180 dọ́là, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ ìdílé Zumwalt yẹ ní mímẹ́nu bà. Bàbá, ọ̀gágun ojú omi, pàṣẹ kí a da oògùn náà. Ọmọ rẹ̀ jagun níbẹ̀, jẹjẹrẹ sì pa á ní 1988. Agbẹjọ́rò ni ọmọ náà, síbẹ̀ ó gbà pé òun kò lè fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ní kóòtù. Níbo ni sójà lásán yóò ti rí ẹ̀rí?

Òfin 1988 ni ó kọ́kọ́ gbé ẹrù náà kúrò lórí àwọn tí ìtànṣán átọ́míìkì kàn: bí jẹjẹrẹ wọn bá wà lára irú 13 tí òfin dárúkọ, a ó gbà pé iṣẹ́ ológun ni ó fà á. Òfin 1991 ṣe bákan náà fún Agent Orange, òfin 2022 sì ṣe é fún èéfín kòtò ìdáná-sun-pàǹtí ní Iraq àti Afghanistan.

Àwọn kan lè wí pé irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò san owó fún ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ kò ti ojú ogun wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba ni ó rán ọmọ níṣẹ́, òun ni ó da oògùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni àkọsílẹ̀ wà. Ní àkótán, ìdájọ́ òdodo ni pé kí ẹni tí ó ni àkọsílẹ̀ ru ẹrù iyèméjì. Àwọn ará Vietnam tí a da oògùn lé lórí kò sí nínú òfin wọ̀nyí. Ibẹ̀ ni ó kù kí ìwádìí kàn.