Igi Tí A Gbìn Nítorí Ìwé

Nígbà tí a bá ń pìtàn àwọn Yorùbá, ọba, ogun àti òwò ni a sábà máa ń mẹ́nu bà. Ṣùgbọ́n igi pàápàá ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì kan ìwé tí ó wà lọ́wọ́ òǹkàwé yìí.

Àwọn baba ńlá wa kò fi ojú kan náà wo gbogbo igi. Ní ti ìdáná, ayín ni ààyò, nítorí pé ó le, ó wúwo, ẹyin iná rẹ̀ kì í sì í tètè kú. Àràbà ga ju ayín lọ fíìfíì, síbẹ̀ olóúnjẹ kì í fi owó rẹ̀ rà á fún ààrò, nítorí pé ó fúyẹ́, iná a sì jó o tán wéréwéré. Onílù a máa wá igi ọmọ̀; ẹni tí ó fẹ́ ilẹ̀kùn a máa wá ìrókò. Èérún tí ó já bọ́ lẹ́nu àáké kì í ṣòfò, òun ni a fi ń ran iná. Èédú di ti alágbẹ̀dẹ, eérú sì di ti ẹni tí ń se ọṣẹ dúdú. Mímọ ìwà igi kí a tó gé e ni ọgbọ́n ìgbà náà.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn dé, ó fi ojú mìíràn wo igbó. Ní ọdún 1899 ni wọ́n ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba. Ní 1925, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí igbó Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, èyí tí ó fẹ̀ ju kìlómítà 1,300 lọ níbùú lóòró. Kì í ṣe ìfẹ́ igbó nìkan ni ó fa èyí. Ọ̀gánwó àti ìrókò ń mú owó wọlé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé-iṣẹ́ pláíwúùdù ńlá kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Sapele. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń bó ìtì igi pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, bí ẹni ń bó èèpo iṣu. Wọn a fi àtè lẹ àwọn abala náà mọ́ra, wọn a sì dábùú ọ̀kan lórí èkejì kí pákó náà má baà ká kò.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti ìwé. Láti nǹkan bí ìdajì àwọn ọdún 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé apá kan nínú igbó Omo, wọ́n sì gbin Gmelina síbẹ̀, igi kan tí ó ti Íńdíà àti Burma wá. Ó yá dàgbà. Bí a bá gé e, kùkùté rẹ̀ a tún rú. Èrò ìjọba ni pé ilé-iṣẹ́ ìwé tí wọn yóò kọ́ sí Ìwópin, létí ọ̀sà, ni yóò máa lò ó. Èérún igi ni ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ẹ̀rọ a gé igi wẹ́wẹ́ kí oògùn lè wọ inú rẹ̀. Oògùn náà a yọ́ ohun tí ó so okùn igi pọ̀ bí àtè. Okùn tí ó kù ni a ó fọ̀, tí a ó tẹ́, tí a ó sì sá di ìwé.

Igi hù, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kò dé. Iṣẹ́ Ìwópin falẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, kò sì fìgbà kan ṣe ìwé tó bí a ti rò. Igi kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Gmelina tí ọdún bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tó fún èérún ìwé dàgbà kọjá àkókò rẹ̀. Àwọn onípákó là á, àwọn mìíràn sì fi dáná. Àwa ẹ̀wẹ̀ ń ra ìwé láti òkè òkun. Bẹ́ẹ̀, igbó tí a pa nítorí rẹ̀ kò padà mọ́. Ní 1977, àjọ UNESCO ka Omo mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé, erin sì wà níbẹ̀ dòní, ṣùgbọ́n àyè wọn ń dín kù.

Àwọn kan yóò sọ pé Gmelina ni ó bà wá jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Igi náà ṣe gbogbo ohun tí a ní kí ó ṣe. Àwa ni a gbìn ín tán tí a kò sì kọ́ ààrò tí yóò jó o. Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú, àwọn àgbà wí. Nínú ọ̀ràn yìí, igi gún régé. Ètò wa ni ó wọ́.