Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé àti Owó "Vernacular" Tí A San

Ṣé ẹ rántí ìwé tí mọ́nítọ̀ fi ń kọ orúkọ àwọn tó bá sọ "vernacular"? Gbólóhùn Yorùbá kan, náírà márùn-ún. Ní Kémta wa yìí náà kẹ̀, níbi tí ìyá alákàrà ẹnu géètì kò ti gbọ́ Òyìnbó kankan!

Owó yẹn ló mú kí n fetí sílẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ní pólì. Kò jìnnà sí wa: Odòpotu ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí i sí ní 1932. Ó kàwé dé Edinburgh, ó sì padà wá kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Nígbà kan, ojú gírámà Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ fi ń wo èdè wa. Ẹ gbọ́ "ó gbé omi wá": ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, kò sí "àti" láàárín wọn, kò sì sí ohun tó kù níbẹ̀. Bí Yorùbá ṣe to ara rẹ̀ gan-an ni Bámgbóṣé gbé yẹ̀wò nínú A Grammar of Yoruba, 1966. Ní 1990, ó wá fi Yorùbá kọ Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá. Èyí ló wú mi lórí jù.

Ó ti kọ ìwé lórí àtúnṣe àkọtọ́ láti 1965. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn". (Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ dákun, "aiye" ṣì wà nínú ẹ̀dà wa tó kọjá.)

Ṣùgbọ́n ibi tó kan ìwé mọ́nítọ̀ ni ti èdè abínibí. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ará Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ní 1976 ni Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé kan lórí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ gbà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ẹ ò rí nǹkan?

Mọ́nítọ̀ wa sọ fún mi pé ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ òun. Mo ti ní kó mú un wá sí àpéjọ. Ẹ bá mi ka iye ìgbà tí orúkọ mi wà níbẹ̀.