Èéfín Kò Mọ Ògiri

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó síwájú fèrèsé nínú ilé tí mo ń gbé ní Òkè-Àfà, ní agbègbè Ìsọlọ̀, mò ń ka ìwé lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí òórùn ẹran yíyan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí mi nímú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa ti gbé ààrò onírin kan sí ìta, lábẹ́ fèrèsé wa gan-an, ó da èédú sí i, ó sì ń yan ẹran ewúrẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òórùn náà kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí n tó ka ojú ìwé méjì, èéfín ti gba yàrá kan, aṣọ tí ìyàwó mi sá ti ń rùn fún ata àti àlùbọ́sà, ọmọ wa kékeré sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Inú mi kò dùn, síbẹ̀ n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ta ni ó ni ẹran? Òun ni. Ta ni ó ni èédú? Òun náà ni. Ta ni ó wá ni afẹ́fẹ́ tí ó gba ojú fèrèsé mi wọlé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí kọ́ wa pé kí a sọ̀rọ̀. Ohun tí kò sọ fún wa ni bí a ti í sọ ọ́, àti ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, nígbà tí ẹni tí ó ń jẹ kòkòrò náà kì í ṣe ọmọ ìyá wa, tí kì í ṣe ọmọ baba wa, tí ó jẹ́ pé owó ilé nìkan ni ó pa wá pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Bí àwa ará Èkó ti ṣe ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ọ̀ṣọ́dì àti Ìsọlọ̀ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù.

Ní agbo ilé àtijọ́, iná kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí iná bá kú mọ́ obìnrin kan lọ́wọ́, yóò rán ọmọ lọ sí ààrò ìyálé tàbí ti orogún rẹ̀ láti lọ fọn iná wá. Títí di òní, bí àlejò bá yà sílé tí kò fẹ́ jókòó, a máa ń bi í léèrè bóyá iná ni ó wá fọn. Ẹ̀yìnkùlé ni ààrò sábà máa ń wà, kí èéfín má baà gba inú ilé. Nígbà ọyẹ́, tí koríko orí òrùlé bá ti gbẹ, baálé a máa kìlọ̀ pé kí olúkúlùkù pa iná kí ó tó sùn, nítorí pé ẹyin iná kan ṣoṣo lè sọ gbogbo agbo ilé di eérú. Bí ọdẹ bá sì pa ẹran, tí wọ́n ń wi ín ní gbangba, gbogbo ilé ni yóò gbóòórùn rẹ̀, gbogbo ilé náà ni yóò sì ní ìpín níbẹ̀: baálé a gba tirẹ̀, ìyálé a gba tirẹ̀, àwọn ọmọdé tí wọ́n yí iná ká náà kì í sì í padà lọ́wọ́ òfo.

Òfin méjì ni mo rí fà yọ nínú èyí. Èkíní ni pé ẹnì kan wà tí ó láṣẹ lórí iná, tí a sì gbọ́dọ̀ gba ẹnu rẹ̀ kí a tó dá a. Èkejì ni pé ẹni tí èéfín bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹran náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Orúkọ Ọ̀ṣọ́dì pàápàá a máa mú irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ wá sí ìrántí. Ọ̀ṣọ́dì Tápà, olórí ogun Ọba Kòsọ́kọ́, bá olúwa rẹ̀ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé ọba náà kúrò ní Èkó. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 1862, Ọ̀ṣọ́dì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Erékùṣù Èkó, agbo ilé 21 ni ó sì wà níbẹ̀. Ẹbí, àrọ́tà àti ọmọ ogun ni ó kún inú wọn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n olórí kan ni gbogbo wọn ń wárí fún, ẹni tí a bá sì ṣẹ̀ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fẹjọ́ sùn.

Ìlú kò dúró bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí ó gba Ọ̀ṣọ́dì kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn àjèjì sì ń wọ Èkó láìdúró. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà. Ìjọba amúnisìn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, ẹgbẹ́ náà ni a mọ̀ sí LEDB. Láti 1955 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ọ̀pọ̀ agbo ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, tí wọ́n sì ń kó lára àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ṣe ìwádìí láàrin wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó fi hàn pé ilé tuntun dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíkó tí wọ́n kó àwọn ènìyàn náà lọ tú àwọn ẹbí ká. Àwọn tí wọ́n jọ ń fọn iná lọ́dọ̀ ara wọn ní àná wá di ẹni tí ń wọ mọ́tò kí wọ́n tó lè kí ara wọn.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1970, tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, tí ilé iṣẹ́ ńláńlá sì ń dìde ní Ìsọlọ̀ àti Ìlasamàjà, àwọn tí ó wá iṣẹ́ wá pọ̀ ju ilé lọ. Ilé tí àwọn onílé kọ́ fún wọn ni ilé ojúkojú, èyí tí a ń pè ní féèsì-mí-àí-féèsì-yú: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàrin, yàrá márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́tùn-ún, iye kan náà lósì, ilé ìdáná kan àti ilé ìwẹ̀ kan lẹ́yìn fún gbogbo ayálégbé. Mo gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìsọlọ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ìgbò àti Ùròbò wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ òfin ilé náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Sítóòfù oníkẹrosíìnì lè wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ṣùgbọ́n igi àti èédú kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ da èédú yóò kọ́kọ́ wo orí okùn. Bí aṣọ ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, yóò ké sí i pé, “Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ká aṣọ yín, mo fẹ́ dáná.” Ẹni tí ó bá ń sun àgbàdo kì í sun ìwọ̀n ti ẹnu tirẹ̀ nìkan. Ayálégbé tí ó pẹ́ jù ni baálé wa, òun ni ó sì ń parí ìjà. Bí a bá wò ó dáadáa, agbo ilé ni a tún dá sílẹ̀, àfi pé kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Iléyá ọdún kan ni ó yé mi pé ohun tí a tún dá sílẹ̀ náà kò pé. Àlàájì kan nínú ilé wa, tí ó jẹ́ ọ̀làwọ́ ènìyàn, pa àgbò ńlá kan ní ẹ̀yìnkùlé. Igi kò tó, ni àwọn ọmọkùnrin tí ó ń wi ẹran náà bá ti iná bọ táyà ògbólógbòó kan. Èéfín dúdú bo ẹ̀yìnkùlé. Fèrèsé Ìyá Àgbà, opó kan tí mímí máa ń ni lára, ni ó kọjú sí ibẹ̀. A gbọ́ tí ó ń wúkọ́. Èmi náà gbọ́. Mo rò nínú ara mi pé ọjọ́ ọdún ni, èéfín yóò tán láìpẹ́. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ yan sì wà lọ́wọ́ mi, mò ń jẹ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti ń fi takisí gbé Ìyá Àgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀.

Nígbà tí ó padà dé, Àlàájì gbé itan àgbò kan tí ó ti fi pamọ́ fún un wá, ó sì dọ̀bálẹ̀. Ìyá Àgbà kò bínú. Ó ní, “Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò gba ẹbọ rẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba ẹran yìí, a jẹ́ pé mo ta èémí mi nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún mi lẹ́ran, kí ó kọ́kọ́ bi mí bí mo bá lè gba èéfín.” Kò gba itan náà. Ojú ti Àlàájì. Ojú ti èmi ju tirẹ̀ lọ, nítorí pé láti ibi tí òun jókòó sí, kò rí fèrèsé náà. Èmi rí i.

Ní ọjọ́ ìmọ́tótó tí ó tẹ̀ lé e, a ṣe ìpàdé. Ọjọ́ ìmọ́tótó yìí ni Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù, tí ìjọba kì í jẹ́ kí ènìyàn jáde láàárọ̀, tí gbogbo ayálégbé sì máa ń wà nílé. Ìpínlẹ̀ Èkó fòpin sí i ní 2016. A fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sun táyà mọ́, pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ọ̀nà jíjìn ni a ó ti máa wi ẹran, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ dá iná ńlá yóò kan ilẹ̀kùn gbogbo yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà lẹ́yìn. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà wá. Nínú òfin méjì tí àwọn baba wa fi sílẹ̀, ìpín nìkan ni a mú wá sí Èkó. A ti gbàgbé àṣẹ. Ìpín tí kò ní àṣẹ níwájú rẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́ mọ́, owó ìtanràn ni.

Ilé alájà wá fi ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ hàn wá. Láàrin 1979 sí 1983, nígbà tí Lateef Jakande jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba rẹ̀ kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé fún mẹ̀kúnnù, ti Ìsọlọ̀ sì wà lára wọn. Nínú irú ilé yìí, olúkúlùkù ní ilé ìdáná tirẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Ìdílé kan ni ó wà lórí ìdílé kejì. Ọ̀pọ̀ ìjà ilé ojúkojú parí. Ṣùgbọ́n èéfín ti yí ọ̀nà padà: ó ń gòkè. Ẹni tí ó ń yan ẹran ní ìsàlẹ̀ kì í rí ojú ẹni tí èéfín rẹ̀ ń pa, kò sì sí ẹ̀yìnkùlé tí a ti jọ ń pàdé.

Òfin ni a wá fi dí àyè náà. Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan Ọ̀ṣọ́dì àti Ìsọlọ̀. Ó fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé ilé rẹ̀ láìsí ìyọlẹ́nu tí kò tọ́, ó sì gbà á láyè láti lo ibi àjùmọ̀lò fún ohun tí ó bójú mu. Àwa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé ilé alájà, òfin kan wà láti 1960, tí wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́yìn náà, tí ó ka ohun tí ó ń yọ ará ilé lẹ́nu tàbí tí ó lè pa á lára léèwọ̀. Olórí ẹgbẹ́ àwọn onílé yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ẹni náà. Bí kò bá gbọ́, ìpàdé lè fọwọ́ sí i kí wọ́n pè é lẹ́jọ́, adájọ́ sì lè gba lílo ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọdún mẹ́ta. Ẹ ò rí i pé àwọn náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ẹnu kí wọ́n tó dé kóòtù!

N kò kẹ́gàn òfin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020, èéfín iná ìdáná inú ilé fa ikú ènìyàn bí mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Èéfín kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n òfin mọ bí a ti í dá iná dúró. Kò mọ bí a ti í jókòó tì í. Bí ìpín láìsí àṣẹ ṣe jẹ́ owó ìtanràn, bẹ́ẹ̀ náà ni àṣẹ láìsí ìpín ṣe ń sọ ará ilé di ọlọ́pàá ara wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kí n tó ya ẹnu, ó ti dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá, ẹ wá bá wa jẹun,” ó sì na àwo ẹran sí mi. Mo rántí ẹ̀dọ̀ ọjọ́ Iléyá. Mo ní, “Ẹ ṣeun, àbúrò. Ọmọ wa ń wúkọ́ lókè. Ẹ bá mi gbé iná yìí sẹ́bàá ọgbà lọ́hùn-ún ná.” Ó wo òkè, ó rí fèrèsé wa àti aṣọ tí ó wà níbẹ̀, ó ní, “Háà, bàbá, ẹ má bínú, n kò wòkè ni.” Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ààrò náà kúrò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ilẹ̀kùn wa. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá mi ní kí n kí yín. Wọ́n fẹ́ dáná ní aago márùn-ún, wọ́n ní ṣé aṣọ yín wà níta?” Aṣọ wà níta. Ìyàwó mi ká a, a sì ti fèrèsé. Nígbà tí ó di aago méje, ọmọ náà tún gòkè wá pẹ̀lú àwo kan tí wọ́n fi ọmọrí bò. Lọ́jọ́ náà, mo gbà á, mo sì jẹ ẹ́.