Orí Omi Ni Awakọ̀ Ti Wá

Agbèrò tó ń pe èrò Iléṣà ní gáréèjì Òṣogbo lè má mọ̀ pé èdè ará odò lòun ń sọ. Igi gbígbẹ́ tó ń léfòó lórí omi ló kọ́kọ́ ń jẹ́ ọkọ̀. Wíwà tí awakọ̀ ń wa mọ́tò, àjẹ̀ ni wọ́n ń fi wà á tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, tí rélùwéè dé, tí bàálù dé, ọ̀rọ̀ omi yìí la fi sọ gbogbo wọn lórúkọ: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfuurufú. Ó wá di pé ẹni tó ni orúkọ gan-an la ń fi “ojú omi” dá mọ̀, bí onílé tí àlejò gba yàrá mọ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ olùbẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ìgbafẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó ti ìwé Gẹ̀ẹ́sì kí ó máa hun ọ̀rọ̀ tuntun. Púpọ̀ nínú ohun tó ń wá ti wà nílẹ̀. Gáréèjì ló ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ olùbẹ̀rẹ̀ náà. Àwọn kan á ní “balógun ọkọ̀”, torí balógun la ń pe olórí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Oyè ńlá nìyẹn fún ẹni tó kó ìyàwó àtọmọ méjì lọ gba atẹ́gùn lọ́jọ́ Sátidé! Atukọ̀ ló yẹ ẹ́: ẹni tó ń tukọ̀ ló ń pinnu ibi tí ọkọ̀ yóò gbà, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé gómìnà ń tukọ̀ ìpínlẹ̀. Èyí tó le ni orúkọ ohun tí atukọ̀ tuntun ń wá. “Ìgboyà” ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu, n kò sì fara mọ́ ọn. Ohun ogun ni ìgboyà. Ọkọ̀ ojú omi kò ní bíréèkì. Atẹ́gùn àti ìṣàn omi á máa tì í kódà bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Jíà ẹ̀yìn la fi ń dá a dúró, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi ìgboyà nìkan wọ èbúté, ọkọ̀ ni yóò fọ́. Ìfọkànbalẹ̀ ni mo yàn, èyí tó ń wá lẹ́yìn tí èèyàn bá ti mọwọ́ ọkọ̀ rẹ̀: tó ti kọjú sí ìṣàn omi, tó rọra sún mọ́ èbúté kan náà, tó tún padà sẹ́yìn, tó tún un ṣe, títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló bá tòní mu o. “Gúnlẹ̀” dára fún ọkọ̀ onígi tó ń forí gún iyanrìn. Ọkọ̀ fáíbà tó bá gún èbúté onísìmẹ́ńtì bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́. Kí a sọ pé ó fẹ̀gbẹ́ kan èbúté. Ọ̀tún àti òsì ni àtakò ti lágbára jù: bí atukọ̀ bá kọjú síwájú, tí ẹni tó ń bá a di okùn mú kọjú sẹ́yìn, ọ̀tún ta ni kí wọ́n tẹ̀ lé? Ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ní starboard, ọ̀rọ̀ tó wá láti ara àjẹ̀ ìtọ́kọ̀ tó máa ń wà lápá ọ̀tún ọkọ̀ wọn láyé ọjọ́un. Ṣùgbọ́n ìran Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun Kírìjì, kò yẹ kó wá ìdáhùn lọ sókè òkun. Balógun ni wọ́n fi ń mọ Ọ̀tún àti Òsì rẹ̀, kì í ṣe òǹwòran. Bí Ọ̀tún Balógun bá yíjú padà, kò di Òsì. Ọ̀tún ọkọ̀ àti òsì ọkọ̀ náà nìyẹn. Lálẹ́, iná aláwọ̀ ewé ń tàn lọ́tùn-ún ọkọ̀, pupa lósì. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì bá sì fẹ́ kọ lu ara wọn lójúkojú, kálukú á yà sí ọ̀tún ọkọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin àgbáyé ti 1972 wí. Ọdún yẹn náà ni mọ́tò Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún.

Wọ́n á ní kí ló kan ará òkè nínú èyí? Omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, orí àpáta ló ti ń já bọ́. Ta ni yóò tukọ̀ níbẹ̀? Òótọ́ ni. Àmọ́ odò Ọ̀ṣun tó gba Òṣogbo kọjá, ọ̀sà Lẹ́kí ló ń lọ. Láti ìgbà tí odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde ní 1884, ìdákọ̀ró àti ìtọ́kọ̀ ti ń dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì Iléṣà létí ẹni tí kò rí ọ̀sà rí, ó sì yé wọn. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbà kí a má fọwọ́ kàn: Mayday. Láti ara Faransé ni wọ́n ti mú un, gbogbo ayé ló sì ń fi ké gbàjarè lórí rédíò. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń rì kò lè dúró de ògbufọ̀. Ìyókù, ẹ lọ bi àwọn ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé.