Igi, Irin àti Ohùn Tó Ń Pẹ́ Nílẹ̀

Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, jìtá kan ń ké nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń sunkún ayọ̀. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á: pedal steel, jìtá tí à ń fi ọwọ́, ẹsẹ̀ àti orúnkún ta.

Ohùn yẹn ti rin ìrìn àjò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Hawaii, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin yọ̀ lórí okùn jìtá. Ní nǹkan bí 1932, ilé-iṣẹ́ Rickenbacker ní California fi alumíníọ̀mù rọ jìtá oníná kan látòkè délẹ̀. Ó rí róbótó, ọrùn rẹ̀ gùn, ni wọ́n bá ń pè é ní páànù tí à ń fi dín ẹyin. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Àmọ́ bí iná orí ìtàgé bá ti mú un gbóná, irin á fẹ̀, ohùn á sì yẹ̀. Ìyà gidi ni fún olórin! Kò pẹ́ tí wọ́n fi yíjú sí Bakelite, ike líle.

Paul Bigsby, tó ń ṣe jìtá, ní tirẹ̀ lo igi maple àti alumíníọ̀mù. Pedal steel tó ṣe ni Bud Isaacs ta nínú orin “Slowly” ti akọrin Webb Pierce, tó gbòde ní 1954.

Èyí tó wù mí jù ni pedal steel tí ilé-iṣẹ́ Emmons ṣe ní àwọn ọdún 1960. Bí ẹsẹ̀ kò bá tẹ pẹ́dàlì, irin tó di okùn mú á fara ti ara jìtá gbọn-in. Gbogbo ìgbọ̀n okùn á wọnú igi lọ, ohùn á sì máa dún lọ ràì.