Ìrètí Onígbàgbọ́ Lẹ́yìn Àdánù ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Bí èèyàn bá kú ní Ajégúnlẹ̀, ìjọ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ti dé. Ẹnìkan ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnìkan ń gbé kúlà ìrẹsì wọlé, ẹni tó sún mọ́ opó náà jù lọ sì jókòó tì í lórí ẹní láìsọ̀rọ̀. Àwọn tó ń wọlé ń kí i pé: ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run yóò dá yín sí fún àwọn ọmọ. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ bí ìgbàgbọ́ Kristẹni ṣe ń fún ọlọ́fọ̀ ní ìrètí ní àdúgbò méjì yìí wò. Ó fẹ́ fi hàn pé àdánù kan wà tí ìrètí náà kò tíì kàn.

Ọ̀nà omi ni ìtàn ìrètí yìí gbà wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, kí èbúté Àpápá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1926, ọkọ̀ òkun gbé àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà wọ Èkó. Àrùn náà pa èèyàn lọ bẹẹrẹ, oògùn kò sì ràn án. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Ṣàdárè àti àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà kó ara wọn jọ fún àdúrà. Sophia Ọdúnlámì, tó jẹ́ olùkọ́, kéde pé omi òjò àti àdúrà ni kí wọ́n fi tọ́jú aláìsàn. Báyìí ni ẹgbẹ́ àdúrà wọn, Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, ṣe gbilẹ̀. Kérúbù àti Séráfù tẹ̀ lé e ní 1925, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá sì bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà ní 1930. Inú ọ̀fọ̀ ni a ti bí ọ̀pọ̀ nínú ìjọ Aládùúrà tó kún Ajégúnlẹ̀ lónìí, níbi tí Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, Ìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn ti jọ ń gbé.

Agbára ìjọ wọ̀nyí ni àdúrà ìṣẹ́gun lórí ikú àìtọ́jọ́. Ó ń gbé ẹni tí ń ṣàìsàn ró. Ṣùgbọ́n bí ikú bá dé náà ńkọ́? Ọlọ́fọ̀ a máa bi ara rẹ̀ pé àdúrà wo ni òun kò gbà tó. Ó dùn mí pé a kì í sábà bá a sọ ẹrù yìí kalẹ̀. Nínú 1 Tẹsalóníkà 4:13, Pọ́ọ̀lù kò ní kí a má ṣọ̀fọ̀. Ọ̀fọ̀ aláìnírètí ló kọ̀. Jésù mọ̀ pé òun yóò jí Lásárù, síbẹ̀ ó sunkún. Orin Dáfídì 88 sì parí sínú òkùnkùn, wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Ọ̀rọ̀ ikú ọmọ ló fi ìyàtọ̀ ìrètí yìí hàn jù. Àwọn àgbà a máa sọ fún ìyá pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìtùnú gidi ni, àmọ́ ti agbè ni: yóò tún bímọ. Ìgbàgbọ́ nínú àjíǹde ní omi tó dànù gan-an kò ṣègbé, ọmọ yìí fúnra rẹ̀ yóò jí. Ìyá náà lè máa pe orúkọ rẹ̀.

Àdánù tí kò ní òkú ni ìjọ wa kò tíì mú ní ọ̀kúnkúndùn. Ní 1973, wọ́n kó àwọn ará Olúwọlé kúrò nítorí gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé ìjọba àpapọ̀ ní Ìgànmú, ọ̀pọ̀ wọn sì fìdí kalẹ̀ sí Badia, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2013, katapílà wó Badia East. Amnesty International ní àwọn tó di aláìnílé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,000. Ní 2006 pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n fi èbúté lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló pàdánù iṣẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í rí àìsùn, kì í rí ìsìn ìrántí. Ohun tí à ń sọ fún un ni pé Ọlọ́run yóò dá a padà ní ìlọ́po méjì bíi ti Jóòbù. A gbàgbé pé ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ìwé Ẹkún Jeremáyà wà fún èyí. Orí márùn-ún ni, ìlú tó wó ni gbogbo rẹ̀ ń sunkún lé lórí. Ní ọjọ́ ìsinmi tó bá tẹ̀ lé ìwólé, kí ìjọ kà á sókè níwájú àwọn tí wọ́n lé, kí wọ́n sì dárúkọ àdúgbò wọn nínú àdúrà bí wọ́n ṣe ń dárúkọ olóògbé.